Omi Tí Àbẹ̀ní Lọ Pọn Lórí Àpáta

Gbé fóònù yẹn kúrò lójú mi, Tòyíbù. Mo ti rí i. Mo rí àpáta, mo rí omi tó ń já bọ́, mo rí ẹ̀yin náà tí ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tí ẹ ń yọ eyín síta. Ẹ ní ẹ gun òkè náà débi tó ga jù. Ẹ kú orí ire. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí n sọ ìdí tí n ò fi fẹ́ wò ó mọ́, kí Rámọ́tà ìyá yín má baà máa sọ káàkiri pé ogbó ló ń da bàbá òun láàmú. Kì í ṣe ogbó. Owú ni. Mo ń jowú yín. Ẹ ti dé ibi tí èmi ò lè dé, ibẹ̀ sì ni ìyá ìyá yín dúró sí lọ́jọ́ kan tí n ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé obìnrin nìkan ló ń jowú, pé àwọn orogún ló ni ín. Irọ́ gbuu! Tọkùnrin burú ju tobìnrin lọ. Obìnrin á sọ tiẹ̀ jáde, á fi kọrin, á da omi abọ́ síta gbàà, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ọkùnrin á gbé tiẹ̀ mì, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, ẹ wò ó dáadáa.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ìyá yín ò tíì ju ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Èmi ni télọ̀ tó wà lójú títì tó lọ sọ́jà, gbogbo Ìwó ló sì mọ̀ mí. Iṣẹ́ télọ̀ nígbà yẹn, iṣẹ́ gidi ni. Bí ọdún bá ti ń bọ̀ lọ́nà, ìbáà ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésìmesì àwọn onígbàgbọ́ tó wà lápá ilé míṣọ̀n, a kì í rójú wẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ elẹ́sẹ̀ ló ń jí àdúgbò wa, òun náà ló ń mú wọn sùn. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, Rámọ́tà á bú sẹ́kún lórí ẹní. Àwọn ará oko máa ń wá láti Kuta àti Ilé-Ogbó, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde àfi kí n fi bọ́tìnnì sí i. Ẹni tó bá rí wa lọ́jọ́ náà á rò pé télọ̀ ló ni ayé.

Ṣùgbọ́n bí ọdún tuntun bá ti kọjá tán, gbogbo rẹ̀ á dá wáí. Ta ló ń ránṣọ lẹ́yìn ọdún? Ọyẹ́ á máa bó wa létè, ilẹ̀ oko á le gbagidi, àwọn àgbẹ̀ á wá sílé wá máa ta ayò. Èmi náà á da aṣọ bo ẹ̀rọ mi. Àkókò yẹn gan-an la máa ń rìn.

A kàn máa ń rìn ni o. Ohun tí kò lè yé yín nìyẹn. Ẹ̀yin, bí ẹ bá máa rìn dé ìdí kànga, ẹ ó pe ọ̀kadà. Àwa á dìde láàárọ̀, tìyàwó tọmọ tìyá, a ó di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú ewé, a ó gba ọ̀nà omi Àìbà lọ. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí adágún náà ká, koríko bò ó lápá òsì, omi ń dán lápá ọ̀tún. Ìyá mi ló máa ń ṣíwájú torí òun ló dàgbà jù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yà á sílẹ̀, bí ó ti wù kó máa falẹ̀ tó. Bí ó bá dúró kí apẹja, gbogbo wa á dúró kí apẹja. Bí ó bá dúró tọ́ omi inú adágún wò, gbogbo wa á tọ́ ọ wò. Ẹ ó máa gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi aṣọ lu òkúta, pà! pà!, òdìkejì omi á sì dá wọn lóhùn. Bí lékeléke bá fò kọjá, Rámọ́tà àti Múfú àbúrò rẹ̀ á na ìka sókè, wọ́n á máa gbọn èékánná pé kó fún àwọn ní funfun.

Lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ gba bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Ẹsẹ̀ jáde, bàtà ò jáde. Mo ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ títí dé ìgúnpá, mo wá, mo wá, mo fa bàtà kan yọ. Kì í ṣe tiẹ̀! Ta ló mọ ẹni tó ti fi í síbẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́? Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́, ó ní ó tiẹ̀ bá òun lẹ́sẹ̀ mu ju tòun lọ. Ẹsẹ̀ kan pupa, ẹsẹ̀ kan dúdú ló fi rìn wọlé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín.

Bí a bá kúrò ní Àìbà, ìgbà mìíràn a ó gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ìsun kan wà níbẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá, ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú un gbẹ. Àwọn obìnrin á ti to koròba sílẹ̀ lọ bí ìlà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àlejò, àlejò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu omi fún. Wọ́n ò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Omi náà tutù débi pé eyín á máa ta ọ́. Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà níwájú rẹ̀, bí o ò bá sì lówó lọ́wọ́, kú síbẹ̀.

Gbogbo bí a ti ń rìn yìí, ẹnì kan wà láàárín wa tí kò gbádùn rẹ̀ tó. Àbẹ̀ní aya mi ni. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ òṣómàáló, ló mú un wá sí Ìwó láti máa bá a ta aṣọ. Wọ́n gbé aṣọ wá fún mi láti rán, mo rí ọmọ náà, ojú mi là. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rán búbà rẹ̀ há, kí ó lè padà wá. Ó padà wá, ó ń bínú. Mo tún un rán, mo tún jẹ́ kó há lápá. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Télọ̀, ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ràn wàhálà?” Mo ní wàhálà ni mo fẹ́ràn. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ wá wo Àbẹ̀ní létí Àìbà. Á fọwọ́ lé ìbàdí, á ṣímú. “Bàbá Rámọ́tà, èyí náà ni omi? Omi tó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni tí ibà ń ṣe! Lọ́dọ̀ tiwa, orí àpáta lomi ti ń fò wálẹ̀. Bí ẹ bá dúró lókèèrè gan-an, á máa fọ́n sí yín lójú.”

Èmi á ní, “Ọmọ Olódò Ọbà lò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ṣọ́ra.”

Á ní, “Odò Ọbà náà, ó dùbúlẹ̀.”

Ó ń dùn mí! Ọkùnrin tó tó ọkùnrin, kí ó máa jowú omi. Mo máa ń mú un yípo adágún náà, mo máa ń fi ibi tó jinlẹ̀ hàn án, ibi tí ẹja ti ń fò, mo fẹ́ kí ó sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé èyí dára ju tàwọn lọ. Kò sọ ọ́ rí.

Kí n má purọ́ fún yín, omi nìkan kọ́ ni mò ń jowú. Kí n tó fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹnì kan wà nílé tó fẹ́ fẹ́ òun, Gbénró lorúkọ rẹ̀, àwọn jọ dàgbà ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé ẹ̀. Èmi ò gbàgbé. Mo bi í pé irú èèyàn wo ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, “Ó mọ orí àpáta rìn.” Ẹ gbọ́ ìyẹn! Kò ní ó lówó, kò ní ó lẹ́wà. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá mọ ibi tí n ó ti bá a du ú. Orí àpáta wo ló wà ní Ìwó tí èmi náà máa rìn?

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ọdún tuntun, awakọ̀ kan mú ìròyìn wá pé ẹsẹ̀ ń yọ bàbá Àbẹ̀ní lẹ́nu, kò lè rìn dáadáa mọ́, ó sì fẹ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àbẹ̀ní ní kí òun nìkan kó wọn lọ. Mo ní rárá, gbogbo wa la jọ ń lọ, àti pé ṣebí mo fẹ́ rí omi tó ń fò yìí. Ó yọ̀, ó ní ọkọ òun mọ̀wà hù. Ẹ jọ̀ọ́, ìwà kọ́. Mo fẹ́ fojú mi rí Gbénró.

A wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo, a wọ òmíràn dé Iléṣà, a tún wọ òmíràn. Eruku pupa bò wá bí ẹni ru amọ̀. Múfú bì sórí ẹsẹ̀ bàbá kan tó wọ aṣọ funfun. Bàbá náà kàn nu ún kúrò, ó gbé ọmọ náà sí itan ara rẹ̀ kí ó lè rí atẹ́gùn. “Ọmọ gbogbo wa ni,” ló sọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe é lónìí nínú ọkọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí ojú yín rí.

Nígbà tí a dé agbo ilé àna mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ mọ̀ pé ní ilé àna, kò sí ẹni kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àbúrò bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò Àbẹ̀ní kan tí ṣòkòtò iléèwé ṣì wà nídìí rẹ̀. Àyà mi ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ kọ̀! kọ̀! kọ̀! lókè. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan wà lórí òrùlé, ó bọ́ra sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ó ń kan páànù. Ó ń rìn lórí òrùlé náà bí ẹni ń rìn nínú yàrá rẹ̀.

Mo bèèrè pé, “Bàbá, ta nìyẹn?”

Wọ́n ní, “Gbénró ni. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ dé, ilé sì ń jò. Ọmọ náà ṣeun.”

Kí ó yé yín dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí, torí iṣẹ́ owó ni ẹ mọ̀. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ èèyàn, òun ló ń ṣe òrùlé onítọ̀hún. Á pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ṣọ̀wẹ̀, wọ́n á kọ ebè fún àna, wọ́n á bá a tún ilé ṣe. Bí o bá kọjá lójú ọ̀nà, tí o rí ẹni tó wà lórí òrùlé, o ti mọ ọkọ ọmọ onílé nìyẹn. Èmi, ọdọọdún ni mò ń rán dàńṣíkí àti agbádá sí bàbá, mo rò pé mo ti ṣe tèmi. Bàbá wọ dàńṣíkí mi lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó lábẹ́ òrùlé Gbénró.

Gbénró ti níyàwó tirẹ̀ o! Ó ti bímọ! Kí ló wá ń wá lórí òrùlé àna mi? Bí mo ti ń bi ara mi bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tó ru igi kọjá lójúde, kò rí wa, ó kígbe sókè pé, “Gbénró, o mà ń ṣe bẹbẹ fún àna rẹ o!” Ó yíjú, ó rí Àbẹ̀ní, ó rí èmi. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó yára lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ilé àna ni mo wà, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nígbà tí a ń jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́, bàbá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Àna mi, ẹ ò ní bínú. Ẹ ti rí ẹsẹ̀ mi. Ìyá Àbẹ̀ní ò sí láyé mọ́. Ìbá wù mí kí ọmọ mi dúró tì mí níbí fúngbà díẹ̀. Kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí iléèwé wọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ara mi á fi mókun.”

Fúngbà díẹ̀! Mo mọ fúngbà díẹ̀. Obìnrin á lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ fúngbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ọjà kékeré kan, fúngbà díẹ̀ á di ọdún, ẹni tó mọ orí àpáta rìn á sì máa wá kan páànù láràárọ̀. Ìyàwó mi ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú mi ni wọ́n ti ń gbà á, iyán sì wà lọ́nà ọ̀fun mi. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í bá àna jiyàn. Mo ní, “Ohun tí ẹ bá ti wí, bàbá.” Mo wo Àbẹ̀ní. Inú abọ́ ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ní òùngbẹ omi kan ń gbẹ àwọn. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń pọn ọ́n fún àwọn láti òkè pátápátá, níbi tí omi náà ti ń yọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, tìsàlẹ̀ á ti dọ̀tí. Wọ́n gbé kèrègbè fún Àbẹ̀ní. Wọ́n ní kí Gbénró mú wa lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń gun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ó sì mọ ọ̀nà.

Gbogbo wa lọ. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí wa. Ẹ̀yin sọ pé èèyàn tò bí ẹni fẹ́ dìbò, pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín, pé àtẹ̀gùn wà. Nígbà yẹn, ewé gbígbẹ tó ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn ọ̀bọ lórí igi, àti omi nìkan ló wà. Mo ti ń gbọ́ ọ kí n tó rí i. Nígbà tí mo rí i, inú bí mi, torí ó rẹwà. Àbẹ̀ní ò purọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀, síbẹ̀ ó ń ti òkè bọ̀, ó funfun, ó ń fọ́n sí wa lójú. Rámọ́tà àti Múfú ti wà nínú rẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Àbẹ̀ní wò mí bóyá n ó sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ó dára díẹ̀.”

Gbénró ní òun àti Àbẹ̀ní á gòkè lọ pọn omi, kí èmi máa wo àwọn ọmọ. Mo ní kò ṣeé ṣe, aya mi ò ní gòkè kí n wà nísàlẹ̀. Àbúrò Àbẹ̀ní tó bá wa wá ní òun á máa wo àwọn ọmọ. Mo ká ṣòkòtò sókè. Gbénró rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.” Ṣé ẹ rí i pé ó ń bú mi?

Ẹsẹ̀ télọ̀, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀rọ ló mọ̀. Mo gun ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé àárín kejì, mo wo ìsàlẹ̀. Áà! Mo dì mọ́ àpáta náà bí ọmọ tó dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, n ò lè lọ sókè, n ò lè padà. Gbénró sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó gbá mi mú níbi okùn ṣòkòtò, ó gbé mi sórí pẹpẹ òkúta kan bí ẹni gbé ẹrù. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n,” ló sọ. “Ẹ jókòó síbí.” Ẹ̀gbọ́n! Kò bú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló tún wá burú jù.

Ó wá na ọwọ́ sí ìyàwó mi. Ìyàwó mi wò mí. Mo mi orí pé kó máa lọ, torí kí ni mo tún fẹ́ sọ, èmi tí mo jókòó bí ẹyẹ tí òjò pa? Ó so ìró le, ó fi ọwọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin náà. Mo rí wọn títí wọ́n fi dé ibi tí igi ti bo àpáta. N ò rí wọn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jókòó síbi tí mo jókòó sí rí. Mo gbọ́ ẹ̀rín láti òkè. Ẹ̀rín Àbẹ̀ní ni, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé mi, ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Gbénró, mo wá gbọ́ ti Àbẹ̀ní, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò tètè dákẹ́. Mo na etí. Gbogbo ara mi di etí. Omi yẹn gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà mì, kò fún mi ní ẹyọ kan.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kèrègbè kún, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Mo ní, “Kí lẹ ń sọ lókè?”

Ó ní, “Kò sí.”

“Mo gbọ́ ohùn yín.”

“Omi lẹ gbọ́, bàbá Rámọ́tà.”

Gbénró ò wojú mi. Ó gbé Múfú kọ́ ọrùn, ó ṣíwájú wa lọ sílé.

Bàbá mu omi náà, wọ́n ṣe họ́ọ̀, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n ní, “Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ àná ńkọ́? Ṣé wàá dúró?” Kí ó tó dáhùn, mo dìde. N ò lè gbọ́ ọ. Mo bọ́ síta, mo rí àkàsọ̀ Gbénró tó fi ti ògiri, òòlù rẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣó wà níbẹ̀. Ni mo bá gòkè. Ọkọ Àbẹ̀ní ni mí, èmi ni kí wọ́n rí lórí òrùlé! Ìṣó àkọ́kọ́ tẹ̀. Èkejì, àtàǹpàkò mi ni mo lù. Mo dìde láti fẹ́ ọwọ́ náà, mo tẹ ibi tí kò sí igi lábẹ́ rẹ̀, páànù fọ́, ẹsẹ̀ mi kan wọlé lọ. Ó ń fì láàárín pálọ̀, lókè orí àna mi gan-an, tòun ti bàtà. Láti ibi tí mo há sí, mo gbọ́ igbe, mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Bàbá tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fẹ́ ṣubú lórí àga. Mo sì ń gbọ́ ohùn Àbẹ̀ní, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, n ò mọ èwo ni èwo.

Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé kí ó tó pa ara rẹ̀ síbí. Àjò ò lè dùn títí kí onílé má relé.”

Bàbá ní, “Àjò? Ilé bàbá rẹ lo pè ní àjò?”

Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá mi. Ìwó nilé mi.”

Bàbá ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú pálọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń ṣe àmín lókè. Gbénró ló wá fà mí yọ. Ó mú páànù mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò tí mo dá.

Òun náà ló tọ́jú bàbá títí wọ́n fi kú. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí: òun ló ṣe é.

Ẹ ó ní mo borí nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé, tí a tún jáde lọ sí Àìbà, Àbẹ̀ní ò bú omi náà mọ́. Kò pè é ní omi tó dùbúlẹ̀ mọ́ láé. Á kàn dúró, á máa wò ó. Mo ní, “Kí lò ń rò?” Ó ní, “Kò sí.” Mo fẹ́ kó bú u! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi dára. Láti ọdún dé ọdún, kò sí, kò sí, kò sí. Obìnrin tó ń sọ gbogbo nǹkan fún mi, tó ń sọ àlá rẹ̀ fún mi láàárọ̀, ó ní ohun kan tó pa mọ́ sórí àpáta.

Nígbà tó yá, ìyá mi kú, ìrìn náà dín kù. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ìsun mọ́. Koríko bo ọ̀nà etí adágún. Télọ̀ gan-an ò nísinmi mọ́, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ṣọdún. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí a rìn, wọ́n á ní lọ síbo.

Ẹ mọ ọjọ́ tí ìyá yín àgbà lọ, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ rí bàbá arúgbó kan lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, tí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé wá. Ìwọ Báṣírà lo gbé àga fún un. Gbénró nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí àpáta ti tẹ̀ kọrọdọ. Ó jókòó tì mí, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó nu ojú. Mo ń jowú omijé rẹ̀ gan-an, torí tèmi ò tíì jáde.

Mo dúró títí àwọn aláàfáà àti àwọn èèyàn fi lọ. Mo ní, “Gbénró, ó ti lọ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí wa mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ pọn omi, kí ló sọ fún ọ lókè?”

Ó ní, “Bàbá Rámọ́tà, ẹ̀yin ló bímọ fún. Ọ̀dọ̀ yín ló gbé títí tó fi darúgbó. Ilẹ̀ yín náà la sin ín sí. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìkan ló kàn mí nínú ayé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi.”

N ò gbà á. Ẹ má pè mí ní èèyàn rere nítorí ìyẹn o, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́ títí ọmọ rẹ̀ fi ní ilẹ̀ ń ṣú. Ó kọ̀. Òjò tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àbẹ̀ní báyìí, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀, èmi nìkan ni n ò mọ̀.